Etí Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, ilé ìtajà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina kógbá sílé, visa mi sì ń sáré lọ sópin. Èmi kò sì ṣetán láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Iwájú hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí wa ni ọmọ Philippines kan máa ń jókòó sí, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún àwọn àlejò: orí á tóbi, ara á kéré, ẹni tí wọ́n yà á máa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń lọ sí Canada. Ó ní bí mo bá lè tètè kọ́ iṣẹ́ náà, òun á mú mi lọ bá ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kí n rọ́pò òun.

Mo mọ àwòrán yà láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Wàhálà mi ni pé wọ́n kọ́ mi nílé. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Bí àgbàlagbà onímú ńlá bá jókòó síwájú mi, màá dín imú náà kù. Bó bá pá lórí, màá ta á lọ́rẹ irun díẹ̀.

“Madam, gbogbo wọn ló rẹwà,” ni olùkọ́ mi wí, “ṣùgbọ́n ta ni wọ́n?”

Inú bí mi. Mo bi í bóyá àbùkù èèyàn ló fẹ́ kí n máa tà. Ó ní ọjọ́ ń lọ o.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi àti ìsìn níbẹ̀, mo kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá a, àbúrò ọkọ mi sì pè mí láti Ìbàdàn. Mo kígbe sínú fóònù:

“Eyínfúnjowó mi! Ṣé dáadáa lẹ wà? Agùntáṣọọ́lò ńkọ́?”

Nígbà tí mo parí ìpè náà, olùkọ́ mi béèrè ìtumọ̀ orúkọ tí mo fi ń kígbe pe àwọn èèyàn mi. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé. Ti èyí, eyín rẹ̀ funfun. Ti ìyẹn, ó ga fíofío. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí lára wọn ni mo fi ń pè wọ́n.

“Wọn kì í bínú?”

“Bínú kẹ̀? Bí mo bá gbàgbé ni wọ́n máa ń bínú.”

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Madam, yalla, ó yá! Ìyẹn gan-an ni kí ẹ yà.”

Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì. Ará Lebanon ni, òun ni gbogbo àlejò ń sunkún tọ̀ lọ: AC kò tutù, omi kò gbóná. Etí rẹ̀ tóbi débi pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú wọn dé ibẹ̀. Ó ní kí n ya òun. Mo bi ara mi pé, bí eléyìí bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí ni ǹ bá máa pè é? Elétí-gbáròyé! Ni mo bá ya etí méjèèjì kí wọ́n fẹ̀ bí atẹ, mo to àwọn àlejò kún inú wọn tẹrùtẹrù, oníkálukú ń rojọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo yí bébà náà sí i, ọ̀gá gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú. Olùkọ́ mi ń wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọ̀gá fọwọ́ kan etí ọ̀tún, ó fọwọ́ kan tòsì, ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Wallahi, èmi rèé! Iṣẹ́ tí etí yìí ń ṣe, ìwọ nìkan ló rí i. Khalas, ó parí, visa rẹ dọwọ́ mi.”

Mo kígbe, mo jó nínú ọ́fíìsì olọ́fíìsì, ojú kò tì mí. Nígbà tó di Thursday, mo jókòó síwájú hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú pẹ́ńsù mi. Ìlú tó fẹ́ lé mi padà sílé ló wá ń tò síwájú mi yìí, tó ń dúró kí n wo òun lójú.