Ọwọ́ Ìyá Àgbà Nínú Odó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọmọ odó ṣì fi díẹ̀ ga jù mí lọ, kò sí ohun tó ń já mi láyà ní ilé wa ní Lèma bíi kí wọ́n ní kí n wá gún iyán. Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń sá fún o, ẹ má pè mí ní ọ̀lẹ. Ọwọ́ Ìyá àgbà ni mò ń bẹ̀rù. Ìyá bàbá mi yìí ló máa ń jókòó ti odó, tí á máa fi ọwọ́ lásán yí iyán bí ọmọ odó bá ti gòkè, tí á sì yọ ọwọ́ kó tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Etí ló fi ń mọ bí mo ṣe ń gún, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí òórùn iṣu gbígbóná, bí ooru rẹ̀ ṣe ń fẹ́ síni lójú. Ìyá àgbà á ní, "Má wo ọwọ́ mi. Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kí o ṣe máa lọ." Bí mo bá gbàgbé ọwọ́ náà, tí mo ń ro ti ẹja inú ọbẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ geere.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Mísà, mo wo ọwọ́ náà. Mo rí iṣan tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, àánú ṣe mí. Mo ní kí n rọra, mo dá ọmọ odó dúró díẹ̀ lókè. Ọwọ́ Ìyá àgbà kò dúró ní tirẹ̀. Ó wọlé ní àkókò tó máa ń wọlé, ọmọ odó mi tó pẹ́ sì bá a níbẹ̀.

Ó di ìka rẹ̀ mú, ó ní kí n bu omi wá. Mo fẹ́ kó nà mí, kò nà mí. Ó kàn ní, "O ti ń ṣọ́ mi. Má ṣọ́ mi mọ́." Ìka yẹn kò tọ́ mọ́ títí Ìyá àgbà fi kú. Nígbà tí ó san díẹ̀, ó tún jókòó ti odó, ó ní kí n wá gún. Mò ń sunkún, mò ń gún.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń gún iyán fún ọ̀pọ̀ ilé láti Dassa dé Glazoué, àwọn ọmọ wa kò sì mọ odó bíi tiwa. Ṣùgbọ́n iná lọ lánàá, ọmọbìnrin mi gbé ọmọ odó, èmi jókòó sí àyè Ìyá àgbà. Kò pẹ́ tí mo rí ojú ọmọ náà lórí ọwọ́ mi, tí mo sì gbọ́ tí ìró odó ń falẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó wù mí kí n yọ ọwọ́ kúrò pátápátá.

Mo di ojú mi. Mo ní, "Má ṣọ́ mi." Ọmọ odó balẹ̀, ó gòkè, mo sì tún ti ọwọ́ bọ inú odó.