Ojú Ọ̀nà Gbókùú

Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin yìí fi wa ọkọ̀ tó ń kó òkú ẹran. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá kú ní oko kan, òun ni wọ́n máa ń pè. Á gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ dé, á fi okùn àti ìwọ̀ irin fa òkú náà sókè, á sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sun ún. Gbókùú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì bínú sí i rí. Á ní, "Ẹni tó ń gbé òkú kiri, ṣé Gbáyọ̀ ni kí wọ́n máa pè é ni?"

Ìwé kan wà tí kì í fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìwé. Nígbà kan, àwọn kan parọ́ mọ́ ọn pé ó ń ta òkúǹbete fún àwọn alápatà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí òkú kan tó gbé tí kò kọ sílẹ̀: oko ta ni, ọjọ́ wo, aago mélòó, mélòó ló kú, àgbà ni àbí ọmọ. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ti parọ́ mọ́ rí, kó yáa máa mú bírò rìn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, gẹ́rẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní ìkúnkúkún. Oko tí òkú kan ṣoṣo máa ń jáde níbẹ̀ lóṣù wá ń ní mẹ́fà lọ́sẹ̀. Etí àwọn òkú náà pọ́n, abẹ́ ikùn wọn sì dà bí ara ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán. Gbókùú kó ìwé rẹ̀, ó gbọ̀nà ọ́fíìsì dókítà ẹran lọ.

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ han Gbókùú. Ó ní gbogbo oko ló yẹ kó máa fi iye ẹran tó kú ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀rọ lè tètè mọ ibi tí àìsàn ti ń yọjú.

"Òdo ni gbogbo wọn fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, Bàbá. Ẹ̀rọ wa ò rí nǹkan kan."

"Irọ́ ni wọ́n ń fún ẹ̀rọ yín jẹ, Dókítà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́, ẹ máa ti oko rẹ̀ pa. Òtítọ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan fún un. Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn, Gbókùú ń kà, Dókítà ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn Dókítà á yọjú wo ìwé náà, á ní ọwọ́ ta ló kọ èyí, tí ó dà bí ìgbà tí adìẹ ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Gbókùú á ní, "Ọwọ́ ebi ni, Dókítà. Mi ò tíì jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Nígbà tí wọ́n kà á tán lọ́jọ́ kẹta, Dókítà tẹ nǹkan kan, àwòrán agbègbè náà sì yọ, pẹ̀lú odò, títì àti gbogbo oko. Àmì pupa kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ lójú ẹ̀rọ, àmì náà di méjì, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́sàn-án.

Gbókùú sún mọ́ ọn. "Ẹ dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Dókítà dá a padà.

"Oko Apárí ló kọ́kọ́ mú. Ó mú ti Tíṣà, ó mú ti àwọn Ìbejì, ó wá kọjá sí ti Opó." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bí mo ṣe ń yà sọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ojú ọ̀nà mi nìyẹn, Dókítà."

"Àwọn oko yẹn sún mọ́ra, Bàbá. Ó lè jẹ́ omi. Ó lè jẹ́ eṣinṣin."

Gbókùú ṣí ìwé rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ojú ewé kan. "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tún afárá ṣe, ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé. Ìparí títì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

Dókítà wò ó. Lọ́sẹ̀ náà, láti ìparí títì ni àwọn àmì pupa ti ń yọ bọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ náà ṣe fi ẹ̀yìn rìn. Ọwọ́ Dókítà dúró sójú kan lórí ẹ̀rọ.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Gbókùú sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Ọ̀gá ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ ná. Ẹ̀jẹ̀ oko kan ló ń gbé lórí táyà dé oko kejì.

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni Dókítà wí.

"Ta ló wa ọkọ̀ náà?"

Dókítà kọ ìwé pé kí ọkọ̀ náà má kúrò lójú kan mọ́. Ó wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ibì kan tún wà tí ẹ yà sí, tí kò sí nínú ìwé yìí?"

Àwọn òkú nìkan ni ìwé náà wà fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Gbókùú yà jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin náà ń sìn, kò sì sí èyí tó kú. Abo kan ń rọbí lọ́jọ́ náà. Gbókùú wọlé tọ̀ ọ́ tòun ti bàtà iṣẹ́, ó bá wọn gbẹ̀bí rẹ̀, ọmọ mọ́kànlá. Ó jáde, inú rẹ̀ ń dùn.

"Kò sí," ló wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Ti Gbókùú ò tó ogún ìṣẹ́jú. Kó tó dé ìdíkọ̀, irọ́ náà ti sú u. Kò lọ sílé, ó wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìta géètì ló dúró sí.

"Àbúrò mi, kí ló dé tí o dúró bí àlejò? Wọlé."

"Mi ò ní wọlé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹ. Àfi ìyá ọmọ yẹn àti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru ló ń mú wọn."

"Etí wọn ńkọ́?"

Obìnrin náà wò ó. "Ó pọ́n díẹ̀."

Gbókùú sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di irin géètì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ta ló mọ̀ pé o wọ ibí lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi pẹ̀lú yín."

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Màá ya àwọn mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀. Màá wá oògùn fún wọn."

"Kò sí oògùn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà?"

"Èmi tí mò ń gbé òkú wọn ni. Àwọn oníbàárà yín láti òdìkejì odò ńkọ́? Ṣebí lọ́túnla ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ẹran? Tí wọ́n bá kó o sọdá, oko tó wà lọ́hùn-ún ò lóǹkà."

Obìnrin náà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Lọ́jọ́ tí màámi kú, ẹ̀yìn mi lo sùn sí. Mo pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí. Àfi èyí."

Gbókùú ní lọ́jọ́ náà, bí ilẹ̀ bá lanu, òun ì bá wọ ibẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ó yọ fóònù rẹ̀. Omijé ò jẹ́ kó rí nọ́ńbà dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í tẹ̀.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa fún yín. Ibì kan ṣì kù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn géètì. Kò wo ojú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé náà. Wọn ò gbà kí Gbókùú sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀bá títì ló dúró sí, ó ń gbọ́ igbe àwọn ẹran náà bó ṣe ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á láìmọ̀. Ó kà á dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fi ọwọ́ di etí.

Oko mẹ́rìnlá ló run. Àìsàn náà ò sọdá odò. Àwọn aláṣẹ kan ṣèpàdé, wọ́n yin ẹ̀rọ Dókítà gan-an. Dókítà dìde, ó ní bàbá kan ló ni iṣẹ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ilé iṣẹ́, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi tún ẹ̀rọ omi ṣe. Nígbà tí Gbókùú gbọ́, ó bú sẹ́kún lójú ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ò sì mọ ohun tó lè sọ ju "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra" lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè é kó wá máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Kò lọ. Lójú títì yẹn, àwọn kan máa ń tutọ́ bó bá ń kọjá, àwọn kan á kí i ní ìkíkúkí, á dà bíi pé ìtọ́ yẹn gan-an ló sàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ilé pa, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nígboro. Gbókùú ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i, ojú tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Màámi ní kí n sọ pé àwọn ń sùn."

Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá, tó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré.

"Ó dáa," ló wí. "Má jí wọn."