Dókítà Eyín Tó Fẹ́ Fò Láti Orí Òpó

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi gun òpó jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Òpó rédíò gíga kan wà lẹ́yìn ìlú, iná pupa wà lórí rẹ̀ kí bàálù má baà kọlù ú. Bí gílóòbù iná náà bá ti kú, òun ni yóò gùn ún lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àkàbà irin tó wà níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹsẹ̀. Ó ti kà á. Kò sí nǹkan mìíràn téèyàn lè kà níbẹ̀. Bàbá Iná-pupa làwọn ará ọ́fíìsì ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ọ̀gá bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ohun tí obìnrin náà mọ̀ ni pé ọkọ òun ń tún iná ṣe. Irọ́ kọ́.

Lọ́dún tí ilé iṣẹ́ pinnu láti tú òpó náà palẹ̀, torí wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn gbé ohùn wọn káàkiri, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ó bá obìnrin kan níbẹ̀ tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó gbé báàgì ńlá kan lé itan bí ẹni gbọ́mọ.

"Bàbá, dókítà eyín nìyí," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n fẹ́ bá yín gòkè."

"Ṣé eyín ń dun òpó ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà ò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ látorí ẹ̀ ni. Wọ́n ní páráṣúùtì, aṣọ ńlá tó ń gbé èèyàn balẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pé bí wọ́n bá kú, kò kàn wá."

"Bí mo bá kú, kò kàn yín," ni dókítà tún un sọ, bí ẹni ń sọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ fún oníléta.

Bàbá Iná-pupa ṣàlàyé fún un pé àkàbà táwọn máa gbà gòkè náà ló ń padà wálẹ̀, kò sì tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ́ mo ti fò látorí ilé, mo ti fò látorí afárá, mo ti fò létí àpáta. Ó ku òpó."

Ó wá là á yé wọn. Ọ̀nà mẹ́rin péré làwọn tó ń fò bẹ́ẹ̀ pín gbogbo ohun gíga ayé yìí sí. Èkíní, ilé. Èkejì, òpó. Ẹ̀kẹta, afárá. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn etí àpáta tàbí etí ọ̀gbun tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Òyìnbó tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ́, wọ́n so ó pọ̀, ó di "béèsì", ìyẹn sì lorúkọ eré ìdárayá náà. Ẹni tó bá fò látorí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀.

"Kí lẹ máa fi nọ́ńbà náà ṣe?"

"Kò sí nǹkan téèyàn ń fi ṣe."

Ìdáhùn yìí tẹ́ Bàbá Iná-pupa lọ́rùn. Ká ní ó lóhun tó fẹ́ fi ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ì bá kọ ọ́ lóminú.

"Táńkì omi ńkọ́? Èyí tó wà lórí irin mẹ́rin?"

Dókítà ronú sí i dáadáa. "Awuyewuye wà lórí ìyẹn. Àwọn kan ní ilé ni, torí nǹkan wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ní òpó ni."

"Igi ńkọ́?"

"A kì í ka igi, Bàbá."

"Ọlọ́run náà ṣáà ló gbé e kalẹ̀."

"Ohun tí ẹnì kan sọ nípàdé wa nìyẹn. Òun àti alága ò kí ara wọn mọ́."

"Ẹ lọ parí ẹ̀ lókè," ni ọ̀gá wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ́kọ́ gùn ún, láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni dókítà dúró sinmi. Bàbá Iná-pupa bá a sinmi ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ̀ ẹ́, kó má baà dà bíi pé ó ń ka tirẹ̀ sí i lọ́rùn. Pèpéle tó wà lókè kò ju tábìlì ìjẹun lọ. Òpó náà kì í dá dúró, okùn irin ló gbá a mú ní ọ̀nà mẹ́ta, tí wọ́n nà jìnnà títí dé inú pápá. Bàbá Iná-pupa fa àkísà kan yọ nínú àpò, ó nà án síta. Àkísà náà kọjú sí okùn tó wà lápá ilé iṣẹ́ omi ìlú.

"Ẹ ò lè fò lónìí."

"Atẹ́gùn náà ò le, Bàbá."

"Kò le. Ibi tó ń lọ ni mi ò fẹ́. Á gbé yín lọ bá okùn yẹn, okùn yẹn ò sì ní yà fún yín."

Wọ́n jókòó dè é kó yí padà. Wákàtí kan kọjá. Wọ́n pín búrẹ́dì jẹ. Nígbà tó yá, dókítà fa ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra.

"Òtútù kọ́," ó ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó máa ń bà mí nígbà gbogbo."

Bàbá Iná-pupa jẹ búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ tán.

"Èmi náà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ lé àkàbà náà ni ẹ̀rù ti bà á, kò sì tíì yéé bà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ní láti lọ sílé ìwé, gílóòbù náà ò sì yéé kú.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fiṣẹ́ sílẹ̀?"

"Mo rò pé á tán."

"Ẹ̀rù náà àbí iṣẹ́ náà?"

"Èyíkéyìí."

Atẹ́gùn ò yí padà. Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún gòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, àkísà náà so wálẹ̀ jẹ́ẹ́, kò mira. Dókítà gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó di gbogbo ìdè rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn." Bàbá fọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń fa bẹ́líìtì tirẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Bá a bá gẹṣin, ilẹ̀ là ń bọ̀."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹni ń ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bọ́ síta. Láti ọjọ́ tí Bàbá Iná-pupa ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò wo ilẹ̀ tààrà látòkè rí. Ó wò ó lọ́jọ́ náà. Ó ń kà á lọ́kàn. Nígbà tó dé ẹẹ́ta, aṣọ náà ṣí pàá, ó dún bí aṣọ ibùsùn tútù tí wọ́n gbọ̀n dànù. Ìgbà yẹn ló rántí pé ó yẹ kóun mí.

Inú ọgbà ilé iṣẹ́ omi ni dókítà balẹ̀ sí. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ mú ìwé rẹ̀ jáde, ó bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló gbà wọlé. Dókítà nawọ́ sókè. Ọlọ́dẹ ní ẹnu ọ̀nà yẹn ò sí nínú ìwé òun.

Bàbá Iná-pupa ní tirẹ̀ lo àádọ́ta ìṣẹ́jú kó tó délẹ̀. Nínú ìwé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ pé ẹni méjì ló gòkè, ẹnì kan ló gba àkàbà padà. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ẹni tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé sí i pé kó wá wí tẹnu ẹ̀: ibo lẹnì kejì wà? Ó fèsì pé, "Ó ti lọ síbi iṣẹ́." Òótọ́ ni. Ẹnì kan ń dúró dè é láago mọ́kànlá kó wá bá a yọ eyín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ nínú pálọ̀, òun jókòó tì í. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun.

"Ìyá wọn, ẹ̀rù máa ń bà mí níbi iṣẹ́."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣé iná yẹn ń gbé èèyàn ni?"

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti ẹsẹ̀ àkàbà kìíní dé ìkẹyìn. Aṣọ tí obìnrin náà ń ká, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú u ká.

"Ẹ mú mi lọ síbẹ̀," ó ní.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa tú òpó náà ni wọ́n lọ. Obìnrin náà gbójú sókè títí gèlè fi já lórí rẹ̀.

"Orí eléyìí?"

"Orí ẹ̀."

"Nínú òjò náà?"

"Bí gílóòbù bá kú nínú òjò."

Ó mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ohun tí kò ṣe ní títì láti ìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tú òpó náà. Ilé iṣẹ́ gbé Bàbá Iná-pupa lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Àkàbà tó ga jù níbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Ní àràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un pé kó rọra máa gùn ún.