Àwọn Tuatara Tí Tamihana Kò Fẹ́ Fún Àna

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tamihana fi ṣọ́ àwọn tuatara ní erékùṣù kékeré tí àwọn bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Tuatara dà bí alángbá ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe alángbá. Inú ihò àwọn ẹyẹ òkun ló ń gbé, ó sì ń pẹ́ láyé ju ènìyàn lọ. Tamihana mọ̀ wọ́n lójú. Akọ kan wà tí ìrù rẹ̀ ti gé kí wọ́n tó bí Tamihana.

Bó bá ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù, á kí wọn kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mereana ìyàwó rẹ̀ á ní, "Máa lọ kí àwọn orogún mi, kí n ráyè dáná."

Mereana kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wọn, bí aya bá kú, àwọn ará ilé rẹ̀ á wá béèrè òkú láti lọ sin ín sílé wọn. Ìjà ọ̀rọ̀ ni. Ilé ọkọ á kọ̀, ilé aya á taku. Bí ìjà náà bá ṣe gùn tó ni òkú ṣe níyì tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dá sí i. Ẹ̀gbẹ́ pósí ló ń jókòó sí. Tamihana jókòó, ó dákẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n wo òjò tó ṣú, wọ́n wo ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra, wọ́n ní ó dáa, ẹ máa gbé e lọ. Kò tó wákàtí kan.

Wọ́n gbé Mereana lọ sí gúúsù, níbi tí yìnyín ti ń bo sàréè. Tamihana kò débẹ̀ rí láti ìgbà náà.

Ripeka ọmọ rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ tuatara wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wọn ooru ilẹ̀ erékùṣù náà, tó sì ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ẹranko ibẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ ń gbóná. Ẹyin tó bá wà nínú ilẹ̀ gbígbóná, akọ ló ń jáde nínú rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí mo rí lọ́dún yìí, mẹ́jọ ló jẹ́ akọ."

"Kí wọ́n máa jà nígbà náà."

"Wọ́n ń jà. Ó sì ti rẹ àwọn abo díẹ̀ tó kù. Ẹ̀jẹ̀ wọn náà ti ń di ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ń gun ọmọ ìyá. Àìsàn tó bá lè pa ọ̀kan, á pa gbogbo wọn. Àwọn ará ilé Màmá ní ọgbà kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Erékùṣù mìíràn ni tuatara tiwọn ti wá. Bí tiwa bá lọ pàdé tiwọn, wọ́n á bí abo níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ méjì á sì wà lára wọn. Bí àwọn abo náà bá dàgbà, díẹ̀ á padà wá sọ́dọ̀ wa."

"Nígbà wo?"

"Ogún ọdún."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Tamihana. Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó bá lọ sí gúúsù kì í padà."

Nígbà tó di oṣù kejì, Kararaina, ẹ̀gbọ́n Mereana obìnrin, fúnra rẹ̀ dé. Garawa titi, ẹyẹ òkun tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ fún jíjẹ, ló gbé wá. Wọ́n fi imú kan imú kí ara wọn, wọ́n jókòó nínú ilé ìjẹun ìdílé Tamihana.

"Ọkọ Mereana, o ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá. Ṣé ẹnikẹ́ni ò fún ẹ lóúnjẹ mọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ yín ń rùn."

"Òórùn yẹn náà lo tẹ̀ lé dé ilé bàbá wa nígbà tí ò ń wá aya. O jẹ mẹ́fà lọ́jọ́ kan. A kà á."

Ripeka bú sẹ́rìn-ín. Kararaina sọ ohun tó bá wá: akọ mẹ́fà, abo mẹ́rin.

Tamihana dìde.

"Rárá. Ẹ ò ní kó wọn. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ̀yin, ẹ máa ń wá, ẹ máa ń mú èyí tó dára jù, ẹ máa ń lọ. Ilẹ̀ yín tutù. Ta ló máa mọ̀ bí òtútù bá ń mú un? Kò fẹ́ràn òtútù rárá. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń wọ̀ léra wọn tó bá fẹ́ sùn."

Tuatara kì í wọ ìbọ̀sẹ̀.

Kararaina fi ọwọ́ nu ojú. "Tamihana, ọdún mẹ́ta la ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé àbúrò mi fún wa bí ẹni gbé àpò ọ̀dùnkún. Mo sunkún délé. Mo ní, àbí wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ṣebí àwọn àbúrò rẹ lẹ́nu."

"Oúnjẹ ni wọ́n ń fi ẹnu wọn jẹ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà pẹ̀lú omijé. "Ó dáa. Jà sí i. Mi ò kánjú."

Tamihana jà. Kararaina náà ò gbà. Wọ́n se tíì lẹ́ẹ̀mẹta. Tamihana sọ bí Mereana ṣe ń kọrin, bó ṣe ń dá a lóhùn, bó ṣe kú. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ohùn rẹ̀ há. Ó jókòó, ó jẹ ẹyẹ titi méjì.

"Ogún ọdún," ló wí. "Èmi á ti lọ. Ẹ̀yin náà á ti lọ. Ta ló máa lọ mú àwọn abo yẹn wálé?"

"Èmi ni," Ripeka dáhùn.

Tamihana wò ó pẹ́. Imú Mereana ni, iwájú orí tirẹ̀ ni.

"Ẹ kó wọn," ló wí.

Akọ tí ìrù rẹ̀ gé ni ó kọ́kọ́ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé páálí rẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n dé gúúsù, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun lọ sí itẹ́ òkú.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀. Òtútù náà wọ inú egungun ìka rẹ̀. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ títí.

"Abo ni wọ́n máa bí níbí," ló wí fún Mereana.

Ó dìde, ó ní kí Ripeka kó àwọn páálí ká lọ.