Ọwọ́ Tó Kan Ilẹ̀ ní Mboppi

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tó ń bá ọkọ̀ onírin tí ń gbé owó báńkì rìn ní Douala, kí ọwọ́ olè má baà tẹ̀ wọ́n. Mo ti wa ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní kí n máa kọ́ àwọn tuntun, ọdún wọ̀nyẹn ló sì sọ mí di afura. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun jòjòló lé mi lọ́wọ́, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an wá. Kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ọgbà kan ní Bassa, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ọtí, la ti ń kọ́ wọn. Ẹni mẹ́ta ló ń bá ọkọ̀ kan jáde: awakọ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀, agbápò tó ń gbé àpò owó, àti oníbọn tó ń ṣọ́ agbápò. A máa ń rọ iyanrìn sínú àpò, a ó sì gbé e lọ sí ìgboro lọ dánra wò. Òfin kan wà tí mo máa ń pariwo títí ohùn mi á fi há: bí àpò bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìyá tó bí ọ ì báà dúró níbẹ̀, kọjá lọ. Kí olè tó yọ, ẹnì kan á ti ṣe àmì fún un.

Nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Douala, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ti fi bẹnsikin, ọ̀kadà tó fi ń gbé èrò, sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o nínú wọn, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí ọjà Mboppi, ó gbé àpò jáde láti ṣọ́ọ̀bù kan. Bàbá arúgbó onífìlà funfun kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ó dìde, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àbí àmì nìyẹn? Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yí ọ̀nà padà láàárọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bassa la lọ. Fìlà funfun tún nìyẹn lódìkejì títì! Ó tún tẹ̀, ó tún fọwọ́ kan ilẹ̀. Ta ló sọ fún bàbá yìí pé ibí la máa wà?

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá wo nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"O ò mọ̀ wọ́n, o wá ń tẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́?"

"C'est un papa, bàbá àgbà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Maman mi ní tí mo bá rí papa Yorùbá, kí n kí wọn bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Mo mi orí bí ẹni tó gbà á gbọ́. Irọ́ ni, n kò gbà á gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sáwọn ọ̀gá pé kò ṣe é fọkàn tán. Nídìí iṣẹ́ wa, kò sí ilé iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn kì í tẹ̀ lé èèyàn dé. Wọ́n lé e lọ́jọ́ kejì.

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn; mo fẹ́ mú bàbá náà pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Mboppi. Mo ti ro bí màá ṣe ká wọn mọ́, àmọ́ bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, ọwọ́ mi ti kan ilẹ̀, mo sì ti kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ọjà. Báàgì mi yọ̀ bọ́ léjìká.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni mo rí ní Bassa lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Bassa kẹ̀? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?" Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó wú síwájú. "Mọ́sálásí ẹ̀yìn yìí gan-an, ọmọ mi ló ń dì mí mú débẹ̀."

Mo gbìyànjú láti rántí ojú ẹni tí mo rí ní Bassa. N kò rí nǹkan kan rántí àfi fìlà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi tí mo ń kọ́ni ní wíwò, fìlà ni mo wò. Ojú tì mí gidigidi.

Mo padà lọ bá àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n ya ìwé tí mo kọ nípa ọmọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn tẹjú mọ́ mi. "Et lui, c'est qui pour toi?" Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọkùnrin náà jẹ́ sí mi tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo mọ irú wíwò yẹn dáadáa. Ẹ̀rù bà mí, mo sì jáde.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo dúró ní Yassa, létí ìlú, mò ń wá bẹnsikin. Ọ̀kan dúró, ẹni tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú mi. Òun ni.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Kí n tó dá a lóhùn, mo ti bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń ṣe àmì fún. Èmi nìkan ni mo dúró níbẹ̀.