Fìtílà Tí A Tàn Lọ́sàn-án

Gémù ṣóò ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, nítorí náà mo bi ọmọ mi obìnrin léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní eré ni: wọn á bi èèyàn ní ìbéèrè, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba ẹ̀bùn, àwa yòókù á máa gbọ́, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ti tẹlifíṣàn náà ò yàtọ̀, àfi pé èèyàn ń rí òógùn lójú ẹni tí wọ́n ń bi.

"Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Á máa lọ sílé ni, Bàbá."

Ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní ayò ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní nídìí ayò, mo ń rí ọwọ́ ẹni tó ń bá mi ta. Ti rédíò, ọwọ́ ta ni mo fẹ́ máa wò?

Aago méjì ọ̀sán ni ètò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n sì fi ń dán èèyàn wò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pàlọ́ ní agboolé wọn àfi tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ní ọmọ tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Mo ṣì lè dárúkọ gbogbo àwọn ọmọ tó máa ń jókòó yí i ká nígbà tí mo ń lọ fẹ́ ìyàwó mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

Firísà ni ẹ̀bùn oṣù náà. Ẹja máa ń bàjẹ́ mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní kó dín ìrìn àtilọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kù. Tí firísà bá wà, ìrìn á dín kù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń pe nọ́ńbà wọn ṣáá. Lọ́jọ́ tí ìpè rẹ̀ wọlé, wọ́n ní kó dúró kí orin kan parí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ńkọ́?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Ti fèrèsé. Fa kọ́tìnnì. Bàbá wọn, ẹ bá wa tan fìtílà. Ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn."

"Ta la fẹ́ tàn jẹ?" ni mo wí.

"Ẹni tó bá ń wò wá láti ìta ni."

Mo tan fìtílà. Yàrá gbóná bí ààrò. Ohùn olóòtú ètò náà ní, "Ààlọ́ o." Ọmọ wa ní, "Ààlọ̀." Ó ní, kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? "Àgbàrá," ni ọmọ wa dáhùn, kí ẹni yẹn tó mí. Wọ́n lu aago pé ó gbà á. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé, oòrùn bọ́ sójú ìyàwó mi tààrà, ó sì fọwọ́ bojú. Kò sẹ́ni tó rántí pa fìtílà.

Firísà dé. Funfun ni, ó ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ìyàwó mi ṣí i, ó tì í, ó ní òun ò lè máa wò ó lófìfo. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, òun á lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní kó ní sùúrù.

"Bàbá wọn, ẹja ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá."

Ọjà ẹja ló ṣubú sí. Wọ́n gbé e wálé, ẹja tó rà tẹ̀ lé e nínú apẹ̀rẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ náà, oòrùn ò tíì wọ̀.

Ọmọ mi kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo pa á." Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà ti wí i tipẹ́. Ó ní, "Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un wí." Mo gbìyànjú.

Láti ìgbà náà, a kì í tan rédíò lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ògiri wa kò lè dí ti aládùúgbò. Lánàá, ọmọ mi ń to ẹja sínú firísà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí olóògbé máa ń pàlọ́ fún lálaalẹ́, ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà gba orí ògiri wọlé.

"Ààlọ́ o."

Mo gbọ́wọ́ sókè láti pe ọmọ náà. Ó ti dáhùn: "Ààlọ̀."

Ìyá rẹ̀ dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú òtútù. Kò bá ọmọ wí. Èmi ló ń wò, ó ń dúró kí n tún wí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Mo wí i. Ilẹ̀ ni mo ń wò.