Ìpara Tí Mùfúlíátù Pò fún Ọmọ Rẹ̀

Ní àdúgbò Gámbórù, lápá àríwá níbi tí wọ́n ti ń sọ Haúsá, kò sí ẹni tó ń múra ìyàwó sílẹ̀ tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù Mùfúlíátù ará Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló ń po ìpara tó ń sọ adúláwọ̀ di pupa kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Inú agolo kan tí kò ní orúkọ lára, tí wọ́n ń kó wọlé láti ẹ̀yìn ibodè, ni agbára ìpara náà ti ń wá. Ìjọba ti fòfin dè é. Mùfúlíátù gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní kí ni tìjọba nínú ọ̀rọ̀ ẹwà obìnrin.

Nígbà tí ìgbéyàwó Àsíátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ku díẹ̀, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ní yunifásítì ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àdúgbò, wọ́n mú un jókòó sílé kó lè sanra, kí ara rẹ̀ sì máa dán. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ìpara pa á lára láràárọ̀, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àsíátù fi kún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì kún.

"Amarya ta yi kyau!" làwọn aládùúgbò ń wí, pé ìyàwó mà rẹwà o. Orí ìyá wú.

"Mama, ó ń rẹ̀ mí, wallahi," ni Àsíátù wí.

"Ìyàwó wo ni kì í rẹ̀? Jẹun, jàre." Ó tún bu ìpara kún ọwọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ojú ara rẹ̀ lọ, ohun tó tiẹ̀ dunni jù nìyẹn.

Àfìgbà tí Àsíátù ṣubú nílé ìwẹ̀, tí ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè là á. Ní ọsibítù, Dókítà Ọládùnní yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Mà, kí lẹ fi ń pa á lára?"

Mùfúlíátù fi ìgbéraga ṣàlàyé agolo rẹ̀. Ojú dókítà yí padà.

"Mẹ́kúrì ló máa ń wà nínú irú ẹ̀, mà. Májèlé ni. Ó gba awọ ara wọlé, ó ti ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Kò sanra o. Omi ló kún ara rẹ̀."

Wọ́n sapá, wọ́n sapá. Àsíátù kú lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an.

Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ òkú pọn omi sílẹ̀, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ wọlé wá, torí òun ló tọ́ sí jù. Mùfúlíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí n tún fọwọ́ kàn án mọ́."